Ta Ló Ń Dáná fún Jabez?

Cwm Haearn, ilẹ̀ Wales
Ọjọ́ kejìlá oṣù Ọ̀wàrà, 1795

Màmá mi,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìrora orúnkún. Mo wà láàyè, ìka ọwọ́ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré nídìí iṣẹ́ irin dídà yìí. Mo mọ̀ pé oṣù mẹ́jọ rèé tí ẹ ti gbúròó mi kẹ́yìn. Ẹ má bínú. Àlàyé wà, mo kàn gbàgbé ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ rántí ìkòkò irin tí ọ̀gá mi, Ọ̀gá Thackwell, pín fún gbogbo baálé ilé ní Stowcombe nígbà ìbò tó kọjá, èyí tó fi wọlé sílé ìgbìmọ̀ ní London. Èyí tí orúkọ rẹ̀ wú gàdàgbà síkùn ìkòkò. Ìbò míì ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀gá sì ní lọ́tẹ̀ yìí ọmọrí lòun máa fún wọn. Kì í ṣe kí wọ́n tó dìbò o. Lẹ́yìn ìbò ni, kí wọ́n lè máa wo ẹnu ìkòkò tó ṣí sílẹ̀, kí wọ́n sì máa rántí òun. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe batani ọmọrí náà, ìyẹn àwòṣe tí a máa fi dà á, nítorí irú ìkòkò yẹn wà nílé wa, mo sì mọ ẹnu ẹ̀ bí mo ṣe mọ ẹnu ara mi.

Màmá, mo wọ̀n ọ́n dáadáa. Ó ṣe wẹ́kú. Ohun tí mo gbàgbé ni pé irin máa ń súnkì tó bá tutù. Ẹṣin tó ń fa èédú níbí pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá ọmọrí la dà, kí ẹnikẹ́ni tó rántí gbé ọ̀kan lé ìkòkò wò. Ó wọlé tààrà, ó lọ jókòó sísàlẹ̀, ó dún gbàn.

Wọ́n pe ọ̀gá. Ó mú ọmọrí, ó jù ú síkòkò, ó yọ ọ́, ó tún jù ú sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bọ́ épírọ́ọ̀nù awọ mi sílẹ̀ kí n máa lọ sílé. Mo ti ń tú okùn ẹ̀ nígbà tó bi mí pé ilé náà dà. Mo ní Stowcombe ni. Ó ní ṣé mo ní ààrò tara mi níbẹ̀. Mo ní yàrá ẹ̀yìn tí bàbá mi fi ń hun aṣọ nígbà ayé wọn, orúkọ mi la fi ń gbà á báyìí, ààrò sì wà níbẹ̀. Ó ní kí n so épírọ́ọ̀nù mi padà.

Ẹ ṣáà mọ òfin ìlú wa. Ọkùnrin tó bá ń dáná lórí ààrò tara ẹ̀, tó ń se ìkòkò tara ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà gbáko, òun ló lè dìbò. Lọ́yà ọ̀gá ní tí ìkòkò bá ti ń hó níbẹ̀ lórúkọ mi, ńṣe ló dà bí ẹni pé mò ń gbé ilé. Nítorí náà, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi dáná sí yàrá ẹ̀yìn lójoojúmọ́, kí ẹ gbé ìkòkò kalẹ̀, kí ó hó, kí èéfín jáde kí àwọn ará àdúgbò rí i. Tí mo bá dìbò fún ọ̀gá, iṣẹ́ mi dúró, ilé oníyàrá méjì tún tẹ̀ lé e. Tí mi ò bá dìbò, épírọ́ọ̀nù ti bọ́ nìyẹn.

Ọmọ yín,
Jabez


Stowcombe
Ọjọ́ kejì oṣù Bélú, 1795

Jabez,

Vickery akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bá mi kọ eléyìí. Ẹyin kan lojú ewé kan, nítorí náà mi ò ní kí ọ pẹ́.

Oṣù mẹ́jọ. Mo ti sọ fún Hannah Cridge tí ògiri wa pààlà pé o ti kú. Obìnrin náà ti sunkún, ó ti gbé wàràkàṣì wá bá mi dárò. Mo ti jẹ ẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá a padà?

Lẹ́tà dé, mo rò pé orúnkún mi lo fẹ́ béèrè. Iná lò ń béèrè.

Gbọ́ ohun tí o ò mọ̀. Onílẹ̀ wa, Luttercombe, òun fúnra ẹ̀ ló ń bá Thackwell du ipò náà lọ́tẹ̀ yìí. Òun ló ni ilé tí mò ń gbé, òun ló ni ti Hannah, òun ló ni kànga tí a ń pọn. Ó rán Bagehole ìríjú ẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, ó ní ilé tí ìbò Thackwell bá ti jáde, kí wọ́n kó ẹrù wọn kó tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Òkúdu, kí wọ́n lọ máa gbé inú ìkòkò Thackwell.

Gbogbo wa ti yí ìkòkò wa, kí orúkọ ẹ̀ kọjú sógiri. Ti Hannah ò ṣe é yí, etí ẹ̀ kan ti kán. Aṣọ ló fi so ó nídìí bí ọmọ ìkókó. Bagehole wo ìkòkò aláṣọ yẹn títí, ó sì kọjá lọ.

Ṣé o ti wá rí ibi tí o gbé mi sí? Tí o bá dìbò fún Thackwell, wọ́n á lé mi jáde nílé. Tí o ò bá dìbò fún un, wọ́n á lé ọ níṣẹ́. Nítorí ọmọrí.

Mo ti dáná náà láti àná. Má dúpẹ́.

Ìyá rẹ,
Keziah Puddy


Cwm Haearn
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Ọ̀pẹ, 1795

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ iná. Ẹ bá mi kí Hannah, kí ẹ sọ fún un pé mi ò kú, ó dùn mí nípa wàràkàṣì náà.

Mo ka lẹ́tà yín fún lọ́yà ọ̀gá. Ó ní ẹ ń ṣe é dáadáa, àmọ́ àwọn nǹkan kan kù. Àkọ́kọ́, omi lásán kì í ṣe ìkòkò tó ń hó, oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Èkejì, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ nínú oúnjẹ náà, torí tí ẹ bá jẹ ẹ́, ó ti di ìkòkò yín nìyẹn. Mo ní kí la wá fẹ́ fi oúnjẹ náà ṣe. Ó ní òfin ò sọ.

Ẹ má foyà nípa Luttercombe. Ọ̀gá mi kì í ṣe ẹni tó ń fìdí rẹmi. Ọdún mẹ́fà ló ti lò nílé ìgbìmọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tó sọ. Wọ́n ń jíròrò ogun ilẹ̀ Faransé. Ó dìde, gbogbo ilé yíjú sí i. Ó ní ẹsẹ̀ òsì ààrò irin tó ń mú ilé ìgbìmọ̀ gbóná ti sán, irin burúkú ni wọ́n fi dà á, òun lè ṣe èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì jókòó. Títí dòní ló gbà pé òun nìkan ló sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwa náà níbí gbà bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ń sanwó wa. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ló ń wá sídìí iná ìléru wá fi ọ̀rọ̀ ìbò dánra wò. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè ta ko ó.

Ara mi ò yá lọ́sẹ̀ tó kọjá, òtútù ni. Gwenllian se ọbẹ̀ alálùbọ́sà elewé fún mi, òtútù náà ti lọ.

Ọmọ yín,
Jabez


Stowcombe
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1796

Jabez,

Ta ni Gwenllian?

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ní kí Vickery ka ibẹ̀ fún mi. Ó tún gba ẹyin kan lé e. O kọ odindi ojú ewé nípa ẹsẹ̀ ààrò àwọn ará London, o wá fi ìlà kan sọ pé obìnrin kan ń se ọbẹ̀ fún ọ. Èmi ń fi orúnkún tó ń ro mí kúnlẹ̀ níwájú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ nínú ẹ̀, ẹlòmíì sì ń bọ́ ọ lódìkejì omi.

Kábéèjì ni mò ń sè fún ọ. Kábéèjì àti ẹ̀wà. Ẹlẹ́dẹ̀ Hannah ló ń bá ọ jẹ ẹ́. Ó ti sanra débi pé tó bá jẹ́ pé òfin gba ẹlẹ́dẹ̀ láyè, òun gan-an ló yẹ kó dìbò, torí oṣù méjì gbáko ló ti ń jẹun níbi ìkòkò kan náà.

Bagehole wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ó rí èéfín. Ó ní ìkòkò ta nìyí. Mo ní ti Jabez. Ó ní Jabez wá dà. Mo ní o jáde. Ó ní láti ìgbà wo. Mo ní kò tíì pẹ́. Irọ́ kọ́ o, tí a bá fi wé ìgbà tí wọ́n lé Ádámù jáde lọ́gbà, kò tíì pẹ́ rárá. Ó ní òun á dúró dè ọ́. Ó jókòó, ó jẹ búrẹ́dì mi, ó tún béèrè bọ́tà. Nígbà tó dìde, ó ní àwọn ìyàwó ilé kan máa rí òjò lórí lọ́dún yìí.

Jabez, má wá. Jẹ́ kí Thackwell wá ìbò ẹ̀ síbòmíì. Ibi tí mo bí ọ sí nìyí, ibi tí bàbá rẹ kú sí nìyí. Mo mọ pákó tó ń dún nínú ilé yìí àti èyí tí kì í dún. Níbo ni mo fẹ́ lọ kọ́ òmíràn?

Kí o sì dá mi lóhùn nípa ọmọbìnrin yẹn.

Ìyá rẹ,
Keziah


Cwm Haearn
Ọjọ́ ogún oṣù Èrèlè, 1796

Màmá mi,

Ẹ kú ìnáwó ẹyin.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ iná ìléru ló bí Gwenllian. Ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáká, kò gbọ́ èdè wa tán, ìdí nìyẹn tí a ò fi tíì jà. A fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù Agẹmọ tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Bàbá ẹ̀ ní tí mo bá ní ilé oníyàrá méjì, kí n mú un. Tí mi ò bá ní, kí n má mú un. Ọkùnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò ni.

Ṣé ẹ wá rí i pé mi ò lè ṣe kí n má wá? Ilé yẹn ń bá iṣẹ́ lọ, iṣẹ́ ń bá ìbò lọ. Mo mọ̀ pé ilé tiyín náà wà níbẹ̀. Mo ro ó nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́, mo tún ro ó nígbà tí mò ń jẹun. Mi ò rí ọ̀nà. Tí ẹ̀yin bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé kíá.

Jabez


Cwm Haearn
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Igbe, 1796

Màmá mi,

Ẹ ò fèsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ní báyìí mo ti mọ bó ṣe rí lára yín nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín, tó bá jẹ́ pé ìyẹn lẹ fẹ́ kí n mọ̀.

Ọ̀gá ti ka àwọn tó máa dìbò tán. Ó ní ọkùnrin márùndínlọ́gọ́jọ wà lẹ́yìn òun, márùndínlọ́gọ́jọ wà lẹ́yìn Luttercombe, ẹyọ ẹnì kan ló kù. Ó nawọ́ ó sì gbá mi léjìká, ọwọ́ ẹ̀ wúwo. Ó ní òun ti ní kí ọkọ̀ ojú omi gbé mi sọdá lọ́sẹ̀ ìbò.

Ṣé iná ṣì ń jó? Ṣé ẹ wà?

Jabez


Stowcombe
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Èbìbí, 1796

Jabez ọmọ mi,

Mo wà. Iná ń jó.

Vickery ni kò jẹ́ kí n kọ̀wé. Mo rí i pé gbogbo ohun tó bá kà fún mi láàárọ̀, Bagehole ti máa gbọ́ ọ tó bá di ọ̀sán. Ó ń gba ẹyin lọ́wọ́ mi, ó ń gba bíà lọ́wọ́ ọ̀hún. Mo lé e jáde. Oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tó máa ń gun ẹṣin kọjá lóṣooṣù ló ń bá mi kọ ọ́ báyìí. Kì í gba nǹkan kan, àmọ́ ó ní òun ò ní kọ ohun tí mo pe Vickery. Ó ní kí n sọ pé "ọkùnrin yẹn".

Ọkùnrin yẹn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Tí wọ́n bá lé mi níhìn-ín, mo lè wá bá ọ. Tí wọ́n bá lé ọ lọ́hùn-ún, o lè wá bá mi. Àmọ́ tí Thackwell bá fìdí rẹmi pẹ̀lú ìbò rẹ, wọ́n á lé èmi, òun náà á sì ti gbàgbé rẹ, níbo la ó jọ pàdé? Nítorí náà mi ò ní sọ ẹni tí o máa dìbò fún. Wá. Nígbà tí o bá ti dé, àá wo ojú ara wa, bóyá ẹnì kan nínú wa á rí nǹkan sọ.

Ní ti ọmọbìnrin náà, ẹni tí kò gbọ́ èdè ò lè bú mi. Mi ò kọ̀ ọ́.

Mú ìbọ̀sẹ̀ rẹ dání, mo mọ̀ pé ó ti lu.

Ìyá rẹ,
Keziah


Cwm Haearn
Ọjọ́ kẹfà oṣù Òkúdu, 1796

Màmá,

Mo ti padà dé síbí. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kí yín, nítorí náà ẹ kú ilé.

Mo fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ fojú ara yín rí i. Mo dúró níwájú gbogbo ìlú, lábẹ́ àgbélébùú òkúta tó wà láàárín ọjà. Mo la ẹnu, mo ní "Thackwell". Ẹ rí i bí ìríra ṣe mú mi tó bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí ẹ̀yin ni mò ń wò. Lọ́yà Luttercombe ní òun ò gbà, ó ní mi ò se ìkòkò tara mi. Lọ́yà ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹlẹ́rìí wà, ó pè yín. Ẹ gbọ́wọ́ lé Bíbélì. Ó bi yín, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, ìkòkò Jabez ni, ààrò Jabez ni, ó ń hó lójoojúmọ́ láti oṣù Bélú. Ẹ sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Lọ́yà kejì wá dìde. Ó yọ fìlà fún yín. Ó ní, "Màmá Puddy, ọmọ yín ti wà nílé láti ọjọ́ Sátidé. Ta ló ń dáná ohun tó ń jẹ?"

Ẹ ní ìkòkò mi wà níbẹ̀.

Ó ní òun ò béèrè ìkòkò. Ó ní gbogbo ìlú ló ń sọ fún òun pé obìnrin dáadáa lẹ jẹ́. Ó wá yíjú sáwọn obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Hannah Cridge wà níwájú wọn. Ó ní, "Ọmọ yìí sọdá omi, ìjì gbé e, ó délé, ìyá ẹ̀ sì káwọ́ gbera, ó ń wò ó níran kó fọwọ́ ara ẹ̀ dáná. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí, Màmá?"

Hannah ní "hìn-ín". Mo gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí.

Màmá, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ. Ọ̀rọ̀ kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni. Kí lẹ sọ?

Ẹ ní, "Ta ló sọ ìsọkúsọ yẹn fún ọ? Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọmọ yìí, kò fọwọ́ kan ṣíbí ìdáná rí nílé mi. Láàárọ̀ yìí, ẹyin mẹ́ta ló jẹ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, búrẹ́dì, inú páànù tèmi, orí ààrò tèmi. Ìlàjì búrẹ́dì sì wà lápò ẹ̀ báyìí tí mo dì fún un. Jabez, fi hàn wọ́n."

Èmi náà sì fi hàn wọ́n. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Ẹ pàṣẹ, ọwọ́ mi ti wọ àpò.

Lọ́yà ní òun ò ní ìbéèrè mọ́. Wọ́n fa igi lé orúkọ mi. Ọkùnrin tó tó ọgbọ̀n ọdún, tó ń gbé irin gbígbóná, wọ́n ní kò lè se omi. Gbogbo èrò ń béèrè bóyá kí wọ́n bá mi gé búrẹ́dì náà wẹ́wẹ́. Mi ò dúró gbọ́ èsì ìbò. Mo gba etí òkun lọ, mo wọ ọkọ̀ èédú.

Ọ̀gá ò tíì padà dé láti ọ̀dọ̀ yín. Mo ti fọ épírọ́ọ̀nù mi, mo ti ká a, ó wà lórí tábìlì. Bàbá Gwenllian ti gbọ́. Ó kàn gbé àga tí mo máa ń jókòó sí wọ inú ilé ni. Ṣé ìgbéraga yìí tó ohun tó ná wa, Màmá? Ẹyin mẹ́ta.

Jabez


Stowcombe
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Òkúdu, 1796

Jabez,

Wo ọjọ́ tó wà lókè yẹn. Ọjọ́ kẹrìnlélógún ti kọjá. Mo sì wà nínú ilé mi, ẹsẹ̀ mi wà lórí pákó tó ń dún. Fọkàn balẹ̀, kí o kà á tẹ́lẹ́sẹẹsẹ.

Gbogbo ìlú ló ń sọ pé ọgbọ́n ni mo fi ṣe é. Wọ́n ní Keziah Puddy rí i pé tí wọ́n bá gba ìbò ọmọ ẹ̀, ilé lọ, tó bá sì kọ̀ láti dì í, iṣẹ́ lọ, ló bá jẹ́ kó dì í tán kó tó bà á jẹ́. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Obìnrin méjì ti wá gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi. Àmọ́ ìwọ ni mo bí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mi ò rántí ilé, mi ò rántí iṣẹ́. Ojú Hannah Cridge ni mo rí.

O sá lọ, o ò dúró gbọ́ èsì. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Márùndínlọ́gọ́jọ, márùndínlọ́gọ́jọ. Baba tó ń darí ìbò wo ìwé títí, ó ní òun ò lè yàn láàárín wọn, òun á kọ orúkọ méjèèjì ránṣẹ́ sí London, kí ilé ìgbìmọ̀ fúnra wọn sọ ẹni tó wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Thackwell wá sílé mi. Kò wá kí mi. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ẹṣin dání, òun àti lọ́yà ẹ̀, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń gba ìkòkò padà lọ́wọ́ ẹni tí kò dìbò fún un. Ọkùnrin ńlá bẹ́ẹ̀ ń gbọn ọbẹ̀ àwọn èèyàn dà sílẹ̀ lójúde. Kẹ̀kẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó dé ẹnu ọ̀nà mi, ó kúrú ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní kí n gbé ìkòkò Jabez wá.

Mo ní, "Ìkòkò wo, Ọ̀gá?"

Ó ní èyí tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, òun ń wo èéfín ẹ̀.

Mo ní wọ́n ti fi òfin sọ ọ́ lójú gbogbo ayé lánàá pé ọmọ mi ò ní ìkòkò. Tí kò bá ní, kò sí ohun tí wọ́n lè gbà. Tó bá sì ní, kí ni wọ́n ṣe fa igi lé orúkọ ẹ̀? Mo ní kó mú èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì, mi ò bá a jà.

Ó fẹ́ wọlé lọ gbé e fúnra ẹ̀. Lọ́yà ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò ẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá má fọwọ́ kàn án. Ó ní ìbò Jabez nìkan ló lè já ọ̀mì yẹn. Tí wọ́n bá dé London, tí wọ́n sì fi hàn pé ìkòkò ṣì wà, iná ṣì ń jó, wọ́n lè dá ìbò náà padà, Thackwell á sì wọlé. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé ìkòkò lọ, ẹjọ́ ti kú nìyẹn.

Thackwell ní ọmọ náà ńkọ́, òun ti pinnu láti lé e. Lọ́yà ní kó má dán an wò. Tí ó bá lé Jabez, Luttercombe á gbà á, Jabez á sì dúró níwájú ilé ìgbìmọ̀ sọ pé lóòótọ́ ni òun kì í dáná. Ó ní látòní lọ, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ bí ẹyin.

Ló bá jókòó sórí àga bàbá rẹ. Gbígbọ́ pé ohun tó fẹ́ ṣe ò ṣeé ṣe ti sú u láti àárọ̀. Mo bu ẹ̀wà àti ẹran fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó yí abọ́ wò, ó ní abọ́ náà ò dáa, òun lè dà á ní irin. Mo ní mi ò fẹ́. Ó tún gbé ìkòkò yẹn, ó fi àtàǹpàkò ra orúkọ ara ẹ̀ lára ẹ̀, ó ní òun ni òun dà á, ó dáa. Mo ní ọmọrí ni kò ní. Ojú ẹ̀ yí padà, àmọ́ ó ní òun á fi èédú ránṣẹ́ sí mi kí iná má bàa kú. Ó ti dé, àpò mẹ́fà.

Bagehole wá lọ́jọ́ kẹrìnlélógún gan-an. Mo ti di ẹrù mi, mo jókòó lé e lórí. Ó yọ fìlà. Kò yọ ọ́ fún mi rí láyé. Ó ní Onílẹ̀ Luttercombe kí mi, ó ní kí n má lọ síbì kankan. Ó ní èmi ni ẹlẹ́rìí wọn ní London, èmi tí mo ní ọmọ mi ò se ìkòkò rí. Tí wọ́n bá lé mi, tí inú sì bí mi, wọn ò mọ ohun tí mo lè wá sọ. Mo ní èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ó ní òrùlé mi ń jò lápá kan, wọ́n á wá ṣe é. Mo ní apá méjì ló ti ń jò.

Ṣé o ti wá gbọ́? Thackwell ò lè fọwọ́ kàn ọ́, Luttercombe ò lè fọwọ́ kàn mí. Tún épírọ́ọ̀nù rẹ so. Béèrè ilé oníyàrá méjì yẹn, kí o béèrè lọ́wọ́ lọ́yà, má béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Sọ fún bàbá ọmọbìnrin náà kó gbé àga rẹ jáde. Mú Gwenllian wá kí n rí i. Àmọ́ sọ fún un ní èdè tí ó gbọ́, pé tí ẹnikẹ́ni bá bi í ta ló ń dáná fún ọ, kó má dáhùn. Ìwọ náà, má dáhùn. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bi, a sì ti rí ibi tó já sí.

Lọ́yà méjèèjì ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lè gba ọdún méjì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbàdúrà fún ilé ìgbìmọ̀ rí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Láràárọ̀ tí mo bá ti dáná ààrò méjèèjì tán, mo máa ń kúnlẹ̀, mo máa ń ní kí Ọlọ́run fún wọn lẹ́mìí gígùn, kó fún wọn ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ, kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n yára.

Oníwàásù ní irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ò bójú mu. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ,
Keziah Puddy